Omi Hàntú Nínú Rédíò Òfurufú

Ìyá Wàsíù,

Mo ti gba Ìbàdàn lọ. Ọ̀la ni ìjọba máa yẹ rédíò tí mo ṣe fún ọkọ̀ òfurufú ológun wò ní Èkó, kí wọ́n tó fún wa lówó ìwádìí. Nígbà tí mo ń kírun Àsùbáà, Màámi da omi hàntú tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Ààfáà sínú rẹ̀, kí ó lè rí ojúrere. N kò mọ̀. Bí mo ṣe tàn án, èéfín ló yọ; ìgbà yẹn ni mo tó rí ìgò hàntú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí n kò bá rí irú ẹ̀yà tó jóná rà ní Ìbàdàn, n ó padà wálé. Má bi mí ní nǹkan kan.

Má sọ fún Màámi. Ìgò hàntú tó kù wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Gbé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n má dà á nù.

Bàbá Wàsíù