Ìlà Méjì Nínú Òkúta Aláwọ̀ Ewé

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Ẹlẹ́nu Dídùn, ẹni tó ń ta òkúta iyebíye fún mi, kó péridọ́ọ̀tì dé. Àwọ̀ wọn dà bí ewé tuntun. Ọ̀gá Ìkánjú – alágbẹ̀dẹ wúrà tí mò ń bá ra òkúta – kì í yẹ̀ wọ́n wò, ojú mi ló gbára lé. Mo gbé awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú ọ̀tún. Péridọ́ọ̀tì gidi, téèyàn bá wo inú rẹ̀ láti òkè, ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé sẹ́yìn rẹ̀ á di méjì. Ìgò lásán, ọ̀kan ni. Méjì ni mo rí nínú gbogbo wọn. Mo rà wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ọkàn mi ò balẹ̀. Gbogbo wọn pátá? Ọjà kì í dára tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo gbé àfọ́kù ìgò sábẹ́ awò, eré ni mo fi ṣe. Méjì! Mo nu awò. Mo nu ojú. Méjì síbẹ̀. Mo gbé e sójú òsì – ọ̀kan. Mo kó àwọn òkúta náà jáde, mo fi ojú òsì wò wọ́n. Ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ìgò ni mo rà. Ojú ọ̀tún mi ló ń purọ́ fún mi.
Ọkọ mi bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ooru ló mú mi. Ó ní ooru wo, nínú òjò yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo sọ fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ – òun tí kì í dákẹ́ ẹ̀fẹ̀! Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní nǹkan funfun ló ń bo ojú ọ̀tún, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Òsì ńkọ́? Wọ́n ní ká ṣì máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ iṣẹ́ míì láyé mi.

Ọjọ́ Ajé, 11
Ẹlẹ́nu Dídùn gba ìgò rẹ̀ padà, ó ń ṣàlàyé tí kò lórí tí kò nídìí. Ó gbé òmíràn wá. Mo fi ojú òsì yan díẹ̀. Méjì, kedere. Inú mi dùn, àfi bí mo ṣe délé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi. Ṣé òkúta ló di méjì ni, àbí ojú? Kí n tún fi àfọ́kù ìgò dán an wò ni. Ó wà lórí tábìlì. Ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ọ̀gá Ìkánjú ti wà ní pálọ̀, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Mo fa ọkọ mi wọ yàrá, mo fún un ní òkúta kan, mo kọ́ ọ bó ṣe máa mú awò. Mo ní kó sọ iye ìlà tó bá rí fún mi, kó má parọ́.
Ó ní, “Méjì ni, ìyàwó mi. Méjì gedegbe.”
Awò náà ò tíì dé ojú rẹ̀.