Ògiri Tí Fọ́tò Mi Ò Fi Hàn

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Oorun kọ̀. Ìyá Bọ́lá, tó ń tọ́jú gbọ̀ngán tíátà àtijọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní alẹ́ ni kí n wá ya fọ́tò rẹ̀. Mo rò pé nítorí iná ni.

Ìgbà tí mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ni mo rí i pé ògiri ti lanu.

"Ìyá, èyí ńkọ́?"

"Ojú ẹ mú jù! Ìjọba fẹ́ wó ulé yìí. Fọ́tò rẹ ni màá fi bẹ ìjọba lọ́la."

Wọ́n ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, àmọ́ ó bọ̀wọ̀ fún gbọ̀ngán yẹn. Fọ́tò náà rẹwà, ògiri tó lanu náà ò hàn níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ eré níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé...

Mo pe Ìyá pé n ó tún ya ògiri náà lójúmọmọ. Wọ́n ní, "Àṣé ìwọ náà wà lára àwọn tó fẹ́ wó o."