Ìgbín Inú Felisa

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ
Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé Felisa ti ń súfèé. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó ń gun òkè La Cumbre bọ̀ nílé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá mi pa rédíò kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ dáadáa.

Bí ọlọ́pàá bá rí ìwé yìí lọ́jọ́ kan: Felisa kì í ṣe ènìyàn. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi ni. Orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi sọ ọ́, nítorí náà a kì í bú u.

Súfèé nìkan kọ́. Èéfín búlúù ń jáde, agbára òkè ò sì sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pẹ́ kó tó gbé ọsàn Doña Eusebia, ọlọ́jà tí à ń kẹ́rù fún, dé ọjà El Alto. Obìnrin náà ò wo ojú bàbá mi, ọsàn ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀: “Don Zenón, ọsàn mi kì í ṣe òkúta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta 17, kí ọjà tó ṣí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti rí ọkọ̀ mìíràn.”

Ẹrù mìíràn ò sí. Bí ọsàn bá lọ, Felisa lọ. Bí Felisa bá lọ, mi ò mọ ohun tí bàbá mi yóò jí lọ ṣe láàárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ọjọ́ òmìnira. Mẹkáníìkì wa ń yan lójú pópó, ó ń fun fèrè. Felisa náà ń súfèé. Ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́rú, 7
Severo mẹkáníìkì tú u. (Mo ń pè é ní Dókítà. Kì í sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn kó tó nu ọwọ́ tán.) Tọ́bò ló ń ṣàìsàn. Ìgbín ni wọ́n ń pè é níhìn-ín nítorí ìrísí rẹ̀: irin tó ká kò, tí fáànù wà nínú rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù náà, òun ló sì ń ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Lórí òkè tí à ń gbé yìí, afẹ́fẹ́ ò tó ènìyàn mí, ká má tíì sọ ti ọkọ̀. Dókítà di àárín fáànù náà mú, ó mì ín. Ó ń mì bí eyín arúgbó.

Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀: kí a tún inú ìgbín yìí ṣe, tàbí kí a ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó nílé ìdáná wa. Bàbá ní àtúnṣe ni. “Ẹni tí eyín ń dùn, ṣé orí ló ń pààrọ̀?”

Àǹkù Grover, àbúrò ìyá mi (Mínísítà fún Ọ̀ràn Ìyára), ní ńlá ni. “Ẹ ra ìgbín ńlá, kí Felisa máa gun òkè bí ewúrẹ́.”

“Ìwọ tí ò ń ta fóònù, kí lo mọ̀ nípa òkè?”

“Mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi, torí mo jáde polí. Ìwé-ẹ̀rí mi wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ọlọ́jà adìyẹ. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. “Ó yá, Ẹnjiníà, sọ̀rọ̀,” ni Bàbá wí.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè láti ṣèwádìí. Ohun tí ìjọba máa ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 8
Àǹkù Grover lọ sí ọjà, ó sì gbé ìgbín ńlá bọ̀ wálé láìbi ẹnikẹ́ni. Ihò bóòtù mẹ́rin ló ní. Mẹ́ta ni Felisa ní. “Ihò lásán,” ni ó wí. Ìyá mi ti fi dá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Mo ṣírò láti àárọ̀. Ìgbín ńlá máa ń pẹ́ jí: kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Felisa á ti dúró sójú kọ́nà. Kékeré sì máa ń sáré àsápajúdé níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá ti tó. Ojú ìwé mẹ́rin. Àbájáde: ó ṣòro láti sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbé ọsàn lónìí. Ó tètè dé. Bàbá ní òun ń lọ ra àlùbọ́sà lọ́jà. Ó pẹ́ kó tó dé. Kò mú àlùbọ́sà bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 12
Dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ó ti tú inú ìgbín náà. Ọ́ìlì ti jóná mọ́ ọn, ó dúdú, ó gan, bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́.

“Ta ló ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá gbóná?” ni ó bi mí.

Mo mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Bàbá bá ti gun òkè dé ṣóńṣó La Cumbre, á pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á ṣí fìlà, á da ọtí líle sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀. Ìgbín ṣì ń yí ní gbígbóná janjan, ọ́ìlì ti dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Àtúnṣe tàbí ńlá, kò sí èyí tí kò ní kú sí i lọ́wọ́.

“Ẹ sọ fún un,” ni mo wí.

“Èmi kẹ̀? Baba ìsàmì ọmọ mi ni. Ìwọ ọmọ rẹ̀ ni kó o sọ ọ́.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Mo rọra sọ ọ́: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ṣóńṣó kí ó tó pa á.

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀. “Kí n máa kí Ìyá Ilẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa bú ramúramù létí rẹ̀? Nínú oṣù yìí tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ fún ẹbọ? Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì, Limbert. Kò tíì jẹ́ kí n ṣubú rí.”

Kò parí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14
Ìyá mi (Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ) dá ẹjọ́ náà bó ṣe ń bó ànàmọ́.

“Bàbá Limbert, nígbà tí ẹ̀yin àti àwọn èèyàn yín wá tọrọ mi, báwo lẹ ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà kí bàbá mi tó ṣílẹ̀kùn?”

“Wákàtí mẹ́rin. Òjò ń rọ̀.”

“Ṣé ẹ bínú?”

“Ta ni mo fẹ́ bínú sí?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ọmọ yín ń tọrọ. Kí ẹ́ńjìnnì máa kùn jẹ́jẹ́, kí ara rẹ̀ tutù, kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ máa jẹ ewé kókà yín. Ẹnu ọ̀nà lẹ wà nígbà yẹn. Ẹ ò tíì wọlé. Bẹ́ ẹ bá wá pa á tán, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ kí i.”

Bàbá ní òun ò sọ pé òun gbà. Ó wá ní kí n lọ sọ fún Severo pé kó tún ìgbín àtijọ́ náà ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 15
Ìgbín ti padà sínú Felisa. Súfèé ti dáwọ́ dúró. Àǹkù Grover ní súfèé náà wu òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
A kó ọsàn láàárọ̀. Bàbá ní kí n wakọ̀, òun fẹ́ gbọ́ ohùn Felisa. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nínú eruku. Felisa ò kọsẹ̀ ní kọ́nà kankan. Aago méjì ọ̀sán, a dé ṣóńṣó. Otútù. Yìnyín díẹ̀. Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Bàbá wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó da ọtí rẹ̀. Ìyókù ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò wúlò fún ìtàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Ọjà ò tíì ṣí nígbà tí a dé. Doña Eusebia bó ọsàn kan, ó fún Bàbá. “Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Don Zenón.” Bàbá jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Ó ní eruku ló wọ òun lójú.

Ọjọ́ Ajé, 19
Wọ́n lẹ èyí mọ́ ara ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ láìfi kún un, láìyọ kúrò:

ÌKÉDE
Láti ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Akẹ́rù Ọ̀nà Òkè
A ń fi tó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ létí pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, awakọ̀ kankan kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ní ṣóńṣó La Cumbre kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Ìyá Ilẹ̀ kì í gba àlejò tó ń kánjú. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fún oṣù kan.
Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin mú ni Limbert Huallpa, tó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Felisa ní gbígbóná janjan ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, lójú bàbá rẹ̀. Kí ó mú ìgbálẹ̀ tirẹ̀ wá.
Zenón Huallpa,
Akọ̀wé Ìbáwí.