Bàbá, Ojú Àfáà Ń Lọ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Láti Boukoki, àdúgbò wa nílẹ̀ àwọn Zarma níhìn-ín, ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Ìyá, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn àbúrò yín tó máa ń jókòó tì yín lẹ́yìn ìrun. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ẹ̀gbọ́n mi Àfáà gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ tó fẹ́ bá mi mú un wálé.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yìí, eruku kún inú oúnjẹ. Àwo táńganran tí mò ń tà ń lọ díẹ̀díẹ̀. A ò là, ebi ò sì pa wá. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù fún mi, tí mo bá ti palẹ̀ ọjà mọ́ tí kò sí ẹni tí màá bá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ Àfáà, àkọ́bí yín, ni mo bá wá. Látìgbà tí ilẹ̀ yìí ti gba òmìnira, ìjọba ń rán mọ́tò dókítà ojú káàkiri àdúgbò. Àwọn oníṣẹ́ oṣù ní ibi tí wọ́n ti ń gbàtọ́jú. Àwa tí kò ní ọ̀gá tó máa sanwó dókítà fún wa ni mọ́tò yìí wà fún. Wọ́n ń fi òògùn sójú àwọn ọmọdé kí ó má baà fọ́. Ẹni tí funfun bá ti bo ẹyin ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kọ́bọ̀ kan wọn ò gbà.

Àwọn Zarma lọ, àwọn Fúlàní lọ. Àwọn èèyàn wa, àwọn ọmọ ọlọ́lá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní alágbe ló ń tò sídìí mọ́tò ọ̀fẹ́. Ọlá wo? Ẹni tó mu gàrí láìní ṣúgà, tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò, á máa fi igi tayín bí ẹni jẹ ẹran. Iyì ni wọ́n rántí dì láti Ìlọrin, wọ́n gbàgbé ọgbọ́n sílé.

Wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Kùránì kò gbọdọ̀ bá wọn tò níbẹ̀. Àfáà gbọ́ tiwọn. Ó lọ sanwó fún ọkùnrin kan tó ń rìn kiri, tó ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun ojú sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ náà fọ́ ojú òsì pátápátá. Àwọn ọlọ́lá wá kí i, wọ́n ní kádàrá ni. Kádàrá kọ́, Bàbá. Ìgbéraga ni. Funfun ti ń bo ojú ọ̀tún náà báyìí.

Ó ń fi í pa mọ́. Kùránì wà lórí rẹ̀, etí ló sì fi ń tún ti àwọn ọmọ kéú ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé omi lọ fún un. Ọmọ kan ya ewúrẹ́ sórí wàláà, tìwo tìrù, ó gbé e fún un. Àfáà gbé wàláà náà súnmọ́ ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Máṣáálà, o kọ ọ́ dáadáa." Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi sílẹ̀, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Mo padà wá sọ fún un pé mọ́tò náà ṣì wà ní àdúgbò Poudrière, pé dókítà ní ojú tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn ṣì lè ríran. Ó bú mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun pé ọwọ́ tó ń fúnni ló lọ́lá ju ọwọ́ tó ń gbà. Bàbá, ọwọ́ ọ̀hún ló fi ń wá ògiri kiri báyìí. Mo bá a fà á títí ó fi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Tí Bàbá bá ní kí n lọ, màá lọ."

Kí ọyẹ́ tó lọ, mọ́tò á ti kọjá sí ìlú Dosso. Nígbà tí ẹ fi mí síléèwé, àwọn ẹbí pariwo pé ẹ ń ba ọmọbìnrin jẹ́, ẹ ò dá wọn lóhùn. Ẹ má dá àwọn tibí náà lóhùn. Tí wọ́n bá ka lẹ́tà yìí tí wọ́n bínú, kí wọ́n bínú dáadáa.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á fi ìmọ́lẹ̀ ojú yín kẹ́ yín dalẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé. Ẹ má fi owó ránṣẹ́, Bàbá. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló wọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Àmínátù