Ìlú Mẹ́ta Tó Wà Nínú Fọ́ọ̀mù Àjíkẹ́

Ìsọlọ̀,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bàbá mi, ẹni tí n kò rí sin,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ó ti yẹ kí n kọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ọmọ ọdún méjìlá lè sọ fún bàbá tí wọ́n kó èékánná àti irun rẹ̀ wálé nínú aṣọ funfun. Mo ti dàgbà jù yín lọ báyìí. Nígbà tí ẹ kú, ẹ kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Èmi ti lé ní ọgọ́ta, eyín mi méjì ti ká, gbogbo nǹkan sì ń já mi láyà. Bí lọ́rì bá fọn fèrè lójú títì, mo máa ń fò dìde. Bí bàálù bá fò kọjá lórí òrùlé wa, tí ó ń lọ sí pápá bàálù tó wà lápá Apákun, mo máa ń wò ó títí yóò fi rọra balẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ń wà á.

Ọ̀rọ̀ Àjíkẹ́ ni mo bá wá. Ẹ kò rí i rí. Òun ni àbíkẹ́yìn mi, ó ní iwájú orí yín, ó sì máa ń dákẹ́ bíi yín tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kó ìdílé wọn lọ sí Kàdúná. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú yàrá méjì tí mo háyà lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà níbí, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè.

Tíṣà ni Àjíkẹ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan l'Óṣòdì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà pọ̀ nínú kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó sórí fèrèsé, ohùn rẹ̀ á ti há kó tó délé. Ní oṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí ẹ kú sí. Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí ó wá fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan sínú lẹ́tà náà, wọ́n kọ ìlú mẹ́ta sínú rẹ̀: Abíjàn, Búàké, Kòrógó. Kí ó fàmì sí ọ̀kan. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì aṣojú wọn ní Èkó. Bí ọ̀la bá kọjá, wọn yóò mú ẹlòmíràn.

Inú rẹ̀ dùn, Bàbá. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn báyẹn. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́ọ̀mù náà fún mi.

"Bàbá, ibi tí ẹ bá fàmì sí ni màá lọ. Mi ò ní lọ síbi tí ọkàn yín ò bá balẹ̀ sí."

Ibo ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí rí?

Láti ọjọ́ náà ni fọ́ọ̀mù ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ya ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ ọmọ ilé kan, mo sì mú òwú ìránṣọ. Mo fi òwú wọn ọ̀nà láti Èkó dé Abíjàn, mo so kókó sí i. Mo wọ̀n ọ́n dé Búàké, mo so òmíràn. Mo wọ̀n ọ́n dé Kòrógó, òwú náà sì gùn débi pé mo ká a padà sínú rólù láìso kókó kankan. Ìyá Kúnlé, aládùúgbò wa, bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Àjíkẹ́, ṣé ẹ fẹ́ rán ayé pọ̀ ni? Àwọn tíṣà Gánà ń rọ́ wọ Èkó nítorí owó epo, ẹ̀yin wá ń wá ọ̀nà tí tiyín máa gbà jáde!"

Òótọ́ ni. Tíṣà Gánà kan wà nínú ilé wa gan-an, ó ń kọ́ ìṣirò. Gbogbo ayé ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọmọ tèmi ni yóò lọ?

Mo rò ó pé kó jẹ́ Abíjàn. Àwọn ará ilé wa láti Èjìgbò, ìlú wa, pọ̀ níbẹ̀, wọn yóò bá mi mójú tó o, bàálù sì ń lọ síbẹ̀ láti ìtòsí ibi tí mo jókòó sí yìí. Ṣùgbọ́n òkun wà níbẹ̀, mọ́tò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tí yóò máa purọ́ fún un náà wà níbẹ̀. Mo rò ó pé kó jẹ́ Kòrógó, ìlú kékeré tí kò ní ariwo. Ooru ibẹ̀ ńkọ́? Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ta ni yóò sọ fún mi?

Búàké ni n kò fẹ́ rò rárá. Òun náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ rẹ̀, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, kò wo ojú mi: "Bí mo bá dé Búàké, màá wá ibi tí wọ́n sin bàbá yín sí." Mo dìde, mo jáde síta.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò? Ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó fi ọ̀bẹ kékeré gé èékánná yín, nítorí pé aṣọ ni ẹ ń tà, oníbàárà sì máa ń wo ọwọ́ ẹni tó ń tú aṣọ fún un. Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àwọn tí ẹ gé, wọn á fò lọ, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí ẹ lọ tí ẹ kò padà, ọ̀rẹ́ yín ló gbé aṣọ funfun náà wálé. Kò lè wo ojú ìyá mi. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ fún yín nínú yàrá kò ju abọ́ kan lọ. Mo dúró tì í, mo ń wá bàbá mi nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí Àjíkẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi bíléèdì gé èékánná. Kò ní ohunkóhun lọ́kàn. Nígbà tí ó lọ tán, n kò mọ bí mo ṣe dé orí ìkúnlẹ̀. Mo ń ṣa wọ́n. Mo ya ojú ìwé kan nínú kàlẹ́ńdà, mo ń kó wọn sí i, mo sì ti ń ká bébà náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ká aṣọ yín kí ojú mi tó là sí ohun tí mo ń ṣe. Ọmọ mi wà láàyè. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ l'Óṣòdì. Èmi ti ń kó o jọ sínú bébà.

"Kí lẹ ń wá nílẹ̀ láàárọ̀?" Ìyá Kúnlé tún dé.

"Abẹ́rẹ́ mi ló bọ́."

"Yéè, kó má gún ọmọdé o!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá mi wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Ó wá a títí. Ó ṣa èékánná kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú nù. "Èékánná lásán ni. Ẹ lọ sinmi, Bàbá Àjíkẹ́."

Mo wọlé, mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú. Mo jókòó tì í títí di ọ̀sán. Kò sí ìlú kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ikú kò mọ̀. Òwú mi kò lè wọn ìyẹn. Bí mo bá sì mú fọ́ọ̀mù yìí pamọ́ títí ọ̀la yóò fi kọjá, Àjíkẹ́ kò ní bá mi jà. Yóò dákẹ́ ni, yóò máa gbé oúnjẹ síwájú mi títí n ó fi kú. N kò lè gba ìyẹn náà.

Mo fàmì sí Búàké, Bàbá. Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀. Abíjàn kún fún àwọn ará ìlú wa, ṣùgbọ́n ní Búàké nìkan ni a ti ní ẹni tó jẹ́ tiwa gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé bébà èékánná náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo tú u, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹ ti máa ń ṣe. Lọ́rì kan kọjá lásìkò náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá wọn padà sára aṣọ mi. Mo ti gbọn aṣọ náà títí. Ṣé gbogbo wọn ti bọ́? Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ṣé ẹ kò lè sọ fún mi?

Yóò dé láìpẹ́. Yóò rí àmì náà, inú rẹ̀ yóò dùn, èmi náà yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Tí ẹ bá rí obìnrin kan tó ní iwájú orí yín, tó ń béèrè ibojì kiri ní Búàké, ẹ jẹ́ kó rí yín kíákíá. Kó kí yín, kó jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lé e wálé fún mi, tòun ti ọwọ́ rẹ̀, tòun ti irun orí rẹ̀, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.