A Lóṣòó, Wọ́n Ní Ọ̀tẹ̀ Ni

Pobè, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé

Inú ń bí mi.

Àwa àgbẹ̀ lọ bẹ kọmáńdà Faransé láàárọ̀ pé kó dín owó orí kù, torí kò sẹ́ni tó ń ra èkùrọ́ wa mọ́. A fi àdá sílé. A lóṣòó sínú eruku.

Ó ní ká máa lọ. A ò dìde. Ta ní ń dìde nígbà tí wọn ò tíì dáhùn ẹ̀bẹ̀ rẹ̀? Ó ní ọ̀tẹ̀ ni, ó wá bi olóyè wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni ìlóṣòó yẹn túmọ̀ sí.

Olóyè tí a kì í bá sọ̀rọ̀ láìlóṣòó! Ó wolẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀, Kọmáńdà. Olóríkunkun ni wọ́n."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kọmáńdà na ẹ̀gbọ́n mi tó wà láàárín wa, wọ́n tì í mọ́lé. Wọ́n dá ìyàwó rẹ̀ padà tòun toúnjẹ.

Ebi ń pa wá, a bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní a jà. Bí a bá wá jà lóòótọ́ ńkọ́...

Lọ́la, olóyè á gba iwájú ilé wa lọ sọ́jà. Ó ní òun ò mọ ìlóṣòó. Lóòró gangan ni n ó dúró kí i.