Tábìlì Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀

Màmá mi,

Ẹ fọkàn balẹ̀, ara mi le. Tábìlì tí n ó ti máa ki ẹ̀tù ìbọn sínú èèpo ọta ìbọn ti dúró ní Alaska níbí; ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti sún un kiri láti àárọ̀. Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú kí n lè jókòó ṣe é. Mo ti ń gbọ́ ohùn Bàbá: "Ìwọ Orrin, ọ̀lẹ! Ta ló ń jókòó wọn ẹ̀tù?" Ẹ sọ fún wọn pé àga mi ní táyà. Kí wọ́n mú ẹlòmíì lọ pa ìgalà lọ́dún yìí, iṣẹ́ pọ̀.

Ẹ bá mi kí ajá mi. Ẹ ṣé fún bàtà òtútù. Ti ẹsẹ̀ òsì ṣe wẹ́kú; n kò nílò ti ọ̀tún mọ́.